Ibi tí a bá gbé àga sí ni ẹsẹ̀ ń gbà: àkọsílẹ̀ igbó ìgbafẹ́ kan létí Ìbàdàn

Igbó tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí kò tóbi. Bíi hẹ́kítà 40 ni, létí Ìbàdàn, níbi tí ilé tuntun ti ń jẹ oko lọ díẹ̀díẹ̀. Odò kékeré kan la àárín rẹ̀ kọjá, àfonífojì odò yẹn ni ojúlówó igbó wà: àràbà, afàrà, arère, ìtà, àwọn igi tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣọ́ wọn tó dáyé. Níhà géètì, oko kòkó àtijọ́ ni, tí wọ́n ti pa tì, tí igbó kéékèèké sì ti bò. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ẹtu wà, àlùkò ń ké láàárọ̀.

Ẹni tó bá ń rò pé hẹ́kítà 40 kò jẹ́ nǹkan kan, kí ó fi wé ọgbà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, tó fẹ̀ ní kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Bí àlejò bá ba hẹ́kítà kan jẹ́ níbẹ̀, igbó lè má mọ̀ ọ́n lára. Ní igbó kékeré, hẹ́kítà kan létí odò lè jẹ́ gbogbo ibi tí ẹyẹ kan ń pamọ sí. Ìbàdàn sì ní ohun tó lè pàdánù. Ẹyẹ kan wà nínú ìdílé ẹ̀gà tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú yìí pè, Malimbus ibadanensis, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1958. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti ń rí i lágbàáyé. Igbó ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà nínú ìlú, tó tó bíi hẹ́kítà 350, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tó ṣì kù fún un. Nítorí náà gbogbo igbó kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká ló níye lórí.

Ìdí tí àwọn tó ń bójú tó igbó náà fi ṣí i fún àlejò kì í ṣe ohun búburú. Àwọn agégẹdú ń yọ́ wọlé lóru, owó oṣù ọdẹ mẹ́rin tó ń ṣọ́ igbó kò sì dúró sójú kan. Wọ́n pinnu pé kí ará ìlú máa sanwó wọlé ní Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ọdún, kí owó náà máa gbọ́ bùkátà àwọn ọdẹ. Ẹni tó bá sì máa gbàlejò, ó di dandan kó wá ibi tí àlejò máa jókòó sí, ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí, àti ibi tí yóò ti ṣe gáà.

Etí odò ni ilẹ̀ ti tẹ́jú jù, ibẹ̀ ló tutù jù, ibẹ̀ ni òjìji pọ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kó gbogbo nǹkan sí. Wọ́n fi íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí fún ọkọ̀ 30, mítà 250 sínú igbó. Ọ̀nà kọnkéré tó fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀ ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà lọ sódò. Àgọ́ roboto alápáànù dúró sáàárín igi afàrà ńlá méjì, mítà 12 péré sí omi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ oníyàrá mẹ́rin wà lẹ́yìn àgọ́, sọ́kawéè rẹ̀ sì jẹ́ mítà 18 sódò. Wọ́n to dúrọ́ọ̀mù ìdalẹ̀sí mẹ́jọ tí kò ní ìdérí yíká, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ kan sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lọ wo ilẹ̀ yẹn lóṣù Kìíní, nígbà ọyẹ́, ibẹ̀ ni yóò tọ́ka sí. Àṣìṣe náà rọrùn láti ṣe, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká sọ ọ́ kúnnákúnná.

Òjò àkọ́kọ́

Òjò Ìbàdàn máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù Kẹta sí Kẹrin, ó máa ń le lóṣù Kẹfà, ó máa ń sinmi díẹ̀ lóṣù Kẹjọ, á tún padà dé tagbáratagbára lóṣù Kẹsàn-án. Ọdún Àjíǹde bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, èrò sì ya wá. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ilẹ̀ tó yí àgọ́ ká ti pá bí ojú agbo ijó. Páànù àgọ́ kò ní gọ́tà, gbogbo omi orí rẹ̀ ń dà sójú kan náà, ó gbẹ́ kòtò yípo, gbòǹgbò afàrà sì yọ síta. Ọ̀nà kọnkéré tó lọ tààrà sódò di ojú àgbàrá. Kì í ṣe ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń wọ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni: àwọn èèyàn ń sá fún kọnkéré tó ti ń yọ̀, wọ́n ń rìn létí rẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń ṣí lọ sínú odò.

Ohun tí ojú kò rí ló burú jù. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. A gba agolo mílíìkì ńlá kan, a gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò, a tì í bọ ilẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, a da omi ife kan sínú rẹ̀, a wo aago. Lábẹ́ igi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, omi náà wọlẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, ó ṣì dúró gbagidi nínú agolo. Ilẹ̀ ti kì. Ilẹ̀ tó bá ti kì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé gbòǹgbò, irúgbìn tó bá bọ́ sórí rẹ̀ kò ní lè rọ gbòǹgbò sílẹ̀, gbogbo òjò tó bá sì rọ̀ sórí rẹ̀ di àgbàrá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀bọ. Dúrọ́ọ̀mù tí kò ní ìdérí ni wọ́n kọ́kọ́ rí, wọ́n jẹ àjẹkù jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀. Láìpẹ́ wọn kò dúró de dúrọ́ọ̀mù mọ́, ọwọ́ àlejò ni wọ́n ti ń já a gbà. Ọ̀kan fi èékánná ya ọmọdé kan lápá. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ pa lásán: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni a fi ń fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ká sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí àrùn dìgbòlugi.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa títí oṣù Kẹsàn-án fi dé. Ní àkókò yẹn omi inú ilẹ̀ ti ga, sọ́kawéè kò sì rí ibi tú omi sí mọ́. Ó kún, ó ń sun jáde, òórùn sì gba etí odò kan. Òkúta inú odò nísàlẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó ní ohun aláwọ̀ ewé lára. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń dì mọ́ gbòǹgbò létí omi. Ìlú tó rántí Omíyalé ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa gba ẹ̀mí àti dúkìá, kò yẹ kó fojú kéré ìdọ̀tí tó ń bọ́ sínú odò, bó ti wù kí odò náà kéré tó.

Àtúnṣe tí kò mú nǹkan kan tọ́

Àkọ́kọ́, wọ́n gbé pátákó 14 kalẹ̀: má tẹ ibí, má dalẹ̀ síbí, má bọ́ ọ̀bọ. Èèyàn ń dúró sídìí pátákó ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà wọ́n ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn èèyàn gbé e sókè, wọ́n kọjá lábẹ́ rẹ̀, ẹtu kan ló há sí i lóru, tó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n tú u lọ́sẹ̀ kejì.

Ìkẹta ni wọ́n gbọ́kàn lé jù: kí èèyàn má ju 150 lọ lóòjọ́. Ìjà ló bí. Ẹni tó háyà bọ́ọ̀sì láti Mọ́níyà tàbí Ìwó Road wá pẹ̀lú ìdílé rẹ̀ kò ní gbà pé kó yí padà ní géètì, owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ kò sàn. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí ilẹ̀ igbó ṣe ń gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀: ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tó bá ń tẹ ojú kan léraléra ti tó láti pa ewéko ibẹ̀, ohun tí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ń fi kún un kò tó nǹkan. Kí a dín 300 kù sí 150 lójú kan náà, owó géètì la dín kù, a kò dín ọgbẹ́ kù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ló dá kún un. Nítorí ẹrọ̀fọ̀, wọ́n tú kọnkéré mítà mẹ́ta sí i yí àgọ́ ká. Láti tẹ́ ẹ, wọ́n gé gbòǹgbò afàrà kan tó ga ju ilẹ̀ lọ, kọnkéré sì dé mítà méjì sí ìdí igi. Ìlànà kan wà tí àwọn onímọ̀ igi nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ó sì yẹ kí gbogbo akọ́lé mọ̀ ọ́n: wọn bí igi ṣe nípọn tó ní mítà kan ààbọ̀ sókè ilẹ̀, fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, láti ìdí igi dé ibi tí iye yẹn bá parí ni òbìrìkìtì tí a kò gbọdọ̀ gbẹ́, tí a kò gbọdọ̀ di mọ́ yí igi náà ká. Bí igi bá ní gbòǹgbò pẹlẹbẹ tó gbé ara sókè bí ògiri, òkè rẹ̀ ni a ti ń wọ̀n. Afàrà yẹn nípọn tó 90 sẹ̀ǹtímítà. Mítà 10 ó lé díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Lọ́dún kejì, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ Túsìdeè kan, ẹ̀ka rẹ̀ kan tó nípọn ju itan ọkùnrin lọ já lu páànù àgọ́, ó sì fọ́ àga mẹ́fà. Ká ní Sátidé ni, òkú ni à bá máa kà.

Sátidé kan pẹ̀lú bébà

Lẹ́yìn ẹ̀ka yẹn ni wọ́n ṣe ohun tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán igbó náà sórí bébà, wọ́n sì ní kí ọdẹ kan máa rìn yíká láti aago mẹ́wàá sí márùn-ún. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, ó fi biro tọ́ sí ibi tí èèyàn wà. Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tí àmì biro fi hàn yà wọ́n lẹ́nu. Èyí tó pọ̀ jù kò kúrò nídìí àgọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọ̀nà tó wà láàárín méjèèjì. Àwọn ọmọdé wà létí omi. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sídìí àràbà kan láti ya fọ́tò, wọ́n sì ti la ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ débẹ̀. Ẹni tó rìn ju 400 mítà lọ sínú igbó kò pọ̀ rárá. Òjìji, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ibi ìjókòó ni àwọn èèyàn wá gbà, kò sì sí èyí nínú wọn tó pọn dandan kó wà létí odò. Àwa tó ń gbé nǹkan kalẹ̀ la mú wọn débẹ̀.

Bébà yìí ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Wọn kò tún béèrè mọ́ pé èèyàn mélòó ló yẹ kó wọlé. Wọ́n ń béèrè pé níbo ni a fẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn wà.

Kíkó kúrò létí odò

Oko kòkó àtijọ́ nídìí géètì ni wọ́n kó nǹkan lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí ìnira tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ kò sì ní gba inú igbó kọjá. Wọ́n fi àwọn igi tó ń fún kòkó ní òjìji sílẹ̀, abẹ́ wọn ni àga wà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun kò ní íńtálọ́ọ̀kì: yangí tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ ni, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, kí omi lè máa wọlẹ̀. Àgọ́ tuntun ní gọ́tà, omi òjò ń lọ sínú tánkì fún fífọ ọwọ́.

Nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò, wọn kò gbẹ́ ẹ lóṣù Kìíní. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Kòtò tí a bá gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á parọ́ fúnni. Èyí tí a gbẹ́ nígbà tí ilẹ̀ mu omi yó ló ń sọ ibi tí omi ga dé. Wọ́n rí i pé omi wà ní mítà mẹ́rin sísàlẹ̀, wọ́n wá fi ìdí sọ́kawéè sí mítà méjì, kí erùpẹ̀ gbígbẹ lè wà láàárín. Láti ibẹ̀ sódò ju mítà 200 lọ.

Ọ̀nà inú igbó wá di òbìrìkìtì kan ṣoṣo tó gùn ní kìlómítà 1.2, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìhà kan náà ni gbogbo èèyàn ń rìn sí, kí ẹnikẹ́ni má baà bọ́ sínú koríko láti yà fún ẹlòmíràn. Kò sọ̀ kalẹ̀ tààrà mọ́, ẹ̀gbẹ́ òkè ló ń gbà. Bí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè bá ń ga ní mítà 20 nínú 100, ojú ọ̀nà kò gbọdọ̀ ga ju mítà 10 nínú 100. Bó bá ju ìlàjì yẹn lọ, omi kò ní ré ọ̀nà kọjá, ojú ọ̀nà gan-an ni yóò máa bá lọ. Níbi tó bá ga, wọ́n ri igi sínú ilẹ̀ ní ìdábùú láti darí omi síta. Ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ́kọ́ kùnà: wọ́n ri igi náà dábùú ọ̀nà láìfì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, iyanrìn dí ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín òjò mẹ́ta, omi sì gun orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n tún un rì ní ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀, omi tó ń ṣàn fúnra rẹ̀ ló ń gbá iyanrìn kúrò.

Àbàtà kan wà lójú ọ̀nà tó gùn ní mítà 35. Pákó tíìkì ni wọ́n fi ṣe afárá lé e, 50 sẹ̀ǹtímítà sókè ilẹ̀, àlàfo ìka kan láàárín pákó méjì kí ìmọ́lẹ̀ àti òjò lè kọjá. Pákó tó wà lábẹ́ òjìji máa ń yọ̀ bí ilá, nítorí náà wọ́n kan wáyà oníhò kéékèèké mọ́ ojú rẹ̀.

Wọn kò ti ọ̀nà odò pa pátápátá. Ọmọdé tó bá gbọ́ ìró omi yóò wá a dé ibi tó wà. Ojú kan ni wọ́n fi sílẹ̀, níbi tí àpáta ti yọ síta tí ẹsẹ̀ kò lè bà á jẹ́, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn òkúta márùn-ún síbẹ̀. Àràbà náà kò di èèwọ̀. Wọ́n tẹ́ pákó kan fún àwọn ayafọ́tò, ní ibi tí igi ti máa hàn tán nínú fóònù. Ẹni tó bá sún mọ́ igi ju bẹ́ẹ̀ lọ, kìkì èèpo ni yóò rí yà. Ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n là tẹ́lẹ̀ parẹ́ láìsí pátákó kankan.

Dúrọ́ọ̀mù kò sí nínú igbó mọ́ rárá. Nídìí géètì nìkan ni a ti ń jẹun, dúrọ́ọ̀mù ibẹ̀ ní ìdérí tó ní ìkọ́. Ike omi tó bá fẹ́ wọ inú igbó, wọ́n á fi máákà sàmì sí i, olówó rẹ̀ á fi 200 náírà dúró, á gbà á padà bó bá mú ike jáde. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò ṣe é sàmì, nítorí náà kò wọlé, ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ á bu omi ní ẹ̀rọ tó wà ní géètì. Ó tó oṣù mẹ́ta kí àwọn ọ̀bọ tó yé wá wò. Oṣù mẹ́ta yẹn le, nítorí ebi mú kí wọ́n ya ògbójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọdẹ méjì ló sì ń dúró ti àwọn ọmọdé lójoojúmọ́ àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ bí kò bá ní òṣìṣẹ́ tó máa dúró dé òpin.

Àwọn ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín àti dùndú kọ̀ láti kúrò létí odò, nítorí ibẹ̀ ni oníbàárà wà. Ìyálọ́jà wọn ní kí wọ́n gbé àgọ́ lọ ná, káwọn tó gbé igbá. Wọ́n gbé àgọ́ lọ, ọjà sì tẹ̀ lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ló gba sùúrù, torí inú igbó náà ni wọ́n ti ń já a. Wọ́n fẹnu kò pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni a ó máa já a, kí a má sì já ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká.

Owó kọ́kọ́ dín kù. Àwọn olóde tó ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá kò padà wá mọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé kò sáyè ariwo àti jẹnẹrétọ̀. Ọdún kan gbáko kọjá kí àwọn ilé ìwé tó ń kó ọmọ wá rìn tó dí àlàfo yẹn.

Ilẹ̀ etí odò

Kíkó kúrò kò wo ilẹ̀ sàn. Wọ́n fi dígà tú u jìn ní 20 sẹ̀ǹtímítà, àyàfi nídìí afàrà, níbi tó jẹ́ pé ọ̀pá irin lásán ni wọ́n fi ń gún un ní ihò ihò kí wọ́n má baà gé gbòǹgbò sí i. Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ ko ewé gbígbẹ láti abẹ́ igi ìtòsí dà sórí rẹ̀, torí irúgbìn àti kòkòrò ilẹ̀ wà nínú ewé náà. Wọ́n wọ́ ẹ̀ka igi dábùú ibi tí èèyàn ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹnìkan dámọ̀ràn pé kí wọ́n ta màrìwò síbẹ̀, pé kò sí ẹni tó máa kọjá rẹ̀. Baálẹ̀ abúlé tó wà nítòsí kò gbà. Wọ́n ní màrìwò ń sọ pé orò wà níbì kan, kò sì sí orò níbẹ̀, a kì í fi ohun àwọn baba purọ́ fún ọmọ. Pẹ̀rẹ́gún ni wọ́n ní kí wọ́n gbìn, nítorí ààlà ni pẹ̀rẹ́gún ń sọ, òótọ́ sì ni pé ààlà wà níbẹ̀. Wọ́n gé ọ̀pá pẹ̀rẹ́gún, wọ́n rì wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ òjò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan sí ara wọn. Ohun tí pátákó 14 kò lè ṣe, ó ṣe é. Àgbà ń rí i, ó ń yà, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀ padà.

Ibi tí oòrùn ti ń wọlé níbi àgọ́ àtijọ́, ewé Akíntọ́lá ló kọ́kọ́ hù, ó sì fẹ́ gba gbogbo ilẹ̀. Bí a bá fi àdá gé e, á tún rú. Oṣù Kẹwàá ni kí a fà á tu tigbòǹgbò tigbòǹgbò, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, kí ó tó tan òdòdó, nítorí bó bá gbẹ nígbà ọyẹ́, iná igbó kò ní rí oúnjẹ tó dùn tó o.

Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ọ báyìí kò le. Èèkàn irin mẹ́wàá wà lẹ́bàá ọ̀nà, lóṣù Kìíní àti oṣù Keje ni wọ́n ń fi téèpù wọn fífẹ̀ ọ̀nà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ju 120 sẹ̀ǹtímítà lọ, wọn kò dúró de ìpàdé: wọ́n á wá ohun tó ń lé èèyàn kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ẹrọ̀fọ̀ tàbí igi tó wó. Èrò yìí bá ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1985 mu, Limits of Acceptable Change, tó ní kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ìyípadà tí a lè gbà kí a tó máa ka orí èèyàn. Lẹ́yìn òjò ńlá, bí gìgísẹ̀ bàtà ọdẹ bá rì ju ìka kan lọ, òbìrìkìtì náà wà ní títì títí ilẹ̀ yóò fi le. Lọ́jọ́ Iléyá àti ọjọ́ kejì Àjíǹde, nígbà tí èrò bá pọ̀ jù, nídìí géètì ni gbogbo rẹ̀ ti ń parí, owó ìwọlé sì dín sí ìdajì.

Kọnkéré tó wà nídìí afàrà ni kò tíì tán. Òòlù àti ọ̀pá irin ni wọ́n fi ń fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, níbi tí wọ́n sì ti bá gbòǹgbò tuntun lábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀. Igi náà ń rúwé ní apá kan, apá kejì kò padà. Lóṣù Keje ọdún kẹta, wọ́n tún ti agolo bọ ilẹ̀ níbi tí àgọ́ wà tẹ́lẹ̀. Omi ife kan lo ìṣẹ́jú 11.